Ọjọ́ Ìbí Bàbá Mi Ti Di Ti Ajá

Apòògùn tó wà ní igun òpópónà wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, Àǹtí, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kejì, pé wárápá ń ṣe bàbá mi. Wárápá o! Ó ní ó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́ta, ó ní dókítà méjì ló ń tọ́jú rẹ̀, ó tún ní gbogbo ara rẹ̀ kò ju kílò mẹ́rìnlá lọ. Kílò mẹ́rìnlá! Bàbá tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ fìdí lé àga, àga á kọ́kọ́ ké kó tó gbà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé súwẹ́tà tí ẹ rà fún un yẹn sílẹ̀ ná kí ẹ gbọ́ tẹnu mi, torí ẹ kò tíì jókòó tán tí ẹ ti ń bú mi, ẹ ní mo ti sọ ẹ̀gbọ́n yín di ọ̀dẹ̀, ẹ ní ẹ kí i láti ẹnu ọ̀nà pé ẹ kú ọjọ́ ìbí, ó sì nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ní, "Èmi kọ́, òun ni kí ẹ kí."

Òótọ́ ló sọ fún yín. Ajá ni kí ẹ kí.

Rárá, ẹ má dìde, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Orí ẹ̀gbọ́n yín pé, ó pé ju tèmi lọ. Ẹ sì mọ̀ mí, Àǹtí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yìí, kó má wulẹ̀ bi ògiri, kó bi èmi. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ yìí nígbà tí eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu mi, mo lè sọ ọ̀rọ̀ náà, kí n sọ àga tó jókòó lé, kí n sọ ẹni tó dákẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́. Nítorí náà bí mo bá ní báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀, báyìí ni.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Bíríkìlà tó kọ́ ìdajì ilé tó wà ládùúgbò yìí, pákó tó dúró lé já lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ̀yìn gba ilẹ̀, eegun ibẹ̀ sì rún bíi bíríkì tí kò jinná. Láti ìgbà náà, oògùn ìrora ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn. Oògùn náà lágbára, ó wà lára àwọn tí ìjọba ń ṣọ́, torí àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé e mì bíi súìtì, àwọn kan ń tà á ní kọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti bá a dé ọ̀run tí wọn ò padà. N kò bá ìjọba jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá dá iná sáàárín ilé, kó ṣọ́ ọ. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ẹnì kan, ó di inú kọ̀ǹpútà ìjọba. Bí apòògùn bá gbé e fún ẹnì kan, ó di inú kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láti kó oògùn jọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n ṣọ́ bàbá mi títí wọ́n á fi rí ajá nínú rẹ̀?

Ajá náà ló ń wò yín yẹn. Ọ̀rẹ́-ò-pọ̀. Ẹ má wulẹ̀ ká ẹsẹ̀ sókè, kì í gé ènìyàn jẹ, gìrì nìkan ni wàhálà tirẹ̀. Ó máa ṣubú lulẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa jà, itọ́ á máa ho lẹ́nu rẹ̀, ojú á yí. Dókítà ẹranko ní wárápá ni, ó ní bó ṣe ń ṣe èèyàn náà ló ń ṣe ajá, oògùn kan náà sì ni wọ́n fi ń mú un rọlẹ̀ lára àwọn méjèèjì, ìjọba sì ń ṣọ́ òun náà. Ó wá bi àbúrò mi, Wàdùwàdù tí gbogbo wa mọ̀, ó ní orúkọ ta ni kí òun kọ sí i, kí sì ni ọjọ́ ìbí. Wàdùwàdù pe orúkọ bàbá mi fún un, ó sì pe ọjọ́ ìbí bàbá mi lé e.

Ẹ̀hẹ́n, ẹ ń mi orí! Ẹ ní òmùgọ̀ ni! Ibẹ̀ gan-an ni mo ń dúró dè yín sí, Àǹtí.

Ta ló fi òfin lélẹ̀ nínú ilé yìí? Lọ́sẹ̀ tí a sin ìyá mi, ta ló jókòó sórí àga onírọ̀rí pupa tí ẹ jókòó lé yìí, tó na ìka sí èmi àti Wàdùwàdù bí ẹni ń na ọ̀pá sí ewúrẹ́, tó ní, "Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá wà láàyè, ohunkóhun tó bá ti wọ ilé yìí, orúkọ rẹ̀ ni yóò máa jẹ́, n kò fẹ́ gbọ́ tèmi-ni-tìẹ-kọ́"? Ẹ̀yin ni! Mo tilẹ̀ rántí pé ẹ mu omi lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́. A sì pa òfin náà mọ́. Ilé, ó di ti bàbá. Omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ti bàbá. Alùpùpù tí Wàdùwàdù ń gùn, ti bàbá. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi tí mo fi òógùn ojú mi rà, orúkọ bàbá ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó Wàdùwàdù bí, díẹ̀ ló kù kí ó kọ bàbá mi síbi tí wọ́n ní kó kọ ìyá ọmọ. Ajá ni yóò wá jẹ́ orúkọ ara rẹ̀?

Ọdún mẹ́ta ni èyí fi lọ láìsí ìjà. Àṣé ìjọba ń bọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n fa àwọn dókítà ẹranko náà wọ inú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí orúkọ kan, ọjọ́ ìbí kan, ilé kan, ó ní, Ó parí, ẹnì kan ni wọ́n. Ó kó bàbá mi àti ajá sínú àpò kan, ó so ẹnu rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ apòògùn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mò ń wí, tí mo na ìwé dókítà sí i lábẹ́ gíláàsì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó wá rọra ní, "Màmá, ó yọ pupa." Mo ní kí ló yọ pupa? Ó ní orúkọ bàbá yín. Ìgbà náà ló tó sọ ọ̀rọ̀ wárápá àti kílò mẹ́rìnlá fún mi, tó ní òfin kò gbà kí òun fún ẹni tó ń lo oògùn wárápá bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìrora lé e lórí, pé èémí rẹ̀ lè dúró, pàápàá ẹni tí kò wúwo ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Èmi náà wò ó, ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, "Háà, ajá ni!" Apòògùn lanu. Ó ní, "Màmá, ẹ má pe bàbá yín bẹ́ẹ̀."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé bí mo bá ti ṣàlàyé, ó tán. N kò mọ̀ pé ẹ̀rín tí mo máa rín títí di oṣù kẹta ni mo rín tán lẹ́ẹ̀kan yẹn.

Mo gba ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Èèyàn dáadáa ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó gbọ́, ó sì gbà mí gbọ́, mo fi ibojì ìyá mi búra pé ó gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ìwé náà padà sí mi. Ó ní ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ òun kan nítorí oògùn yìí kan náà, ó ní bí òun bá fọwọ́ sí i nígbà tí orúkọ ṣì pupa, òun náà á di ẹni tó ń wá iṣẹ́ kiri. Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí a fi lè fi hàn pé bàbá kì í jẹ oògùn ajá: kí bàbá tọ̀ sínú ike.

Bàbá mi tọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan dúró tì í, torí òfin ní kí ẹnì kan máa wò. Bàbá mi ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́yìn ìyá mi, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń bá mi retí ìtọ̀." Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ rí i, ó ṣì ń ṣàwàdà nígbà náà, ìyókù oògùn tó wà nílé kò tíì tán.

Èsì jáde. Ìtọ̀ mọ́! Oògùn wárápá kò sí níbẹ̀ rárá. Mo pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú dókítà, dókítà kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ó burú." Mo ní báwo ló ṣe burú? Ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé wọ́n ń gbé oògùn wárápá fún un lóṣooṣù. Bí oògùn náà kò bá sí nínú ìtọ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé kì í jẹ ẹ́. Bí kò bá sì jẹ ẹ́, ibo ló ń gbé e lọ? Ìjọba á ní ó ń tà á.

Àǹtí, ẹ gbọ́ mi o! Ìtọ̀ tó mọ́ ló sọ bàbá mi di oníṣòwò oògùn! Bí wọ́n bá bá a nínú ìtọ̀, ajoògùnyó ni. Bí wọn ò bá bá a, olówò kọ̀rọ̀ ni. Ẹ sọ fún mi, kí ni ó yẹ kí àgbàlagbà tọ̀ tó máa tẹ́ ìjọba lọ́rùn? Mo ní ká gba ìtọ̀ ajá náà kí wọ́n rí oògùn níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn èèyàn nìyí. Mo ní ṣebí èèyàn ni ẹ pè é! Mo sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì fi yíjú sí mi.

Dókítà ní ká máa lo oògùn orí fífọ́ ná. Oògùn orí fífọ́, fún ẹ̀yìn tó fọ́!

Mo tún fa ajá lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, mo ní kó yọ orúkọ bàbá mi kúrò. Ó ní òun kò lè yọ ohun tó ti wọlé, ó wá wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀, ó ní òun gan-an kò ní lè fún ajá ní oògùn mọ́, torí kọ̀ǹpútà ti ń sọ fún òun náà pé ajá yìí ń gbé oògùn ìrora mì níbòmíràn, pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún, pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ó ní bó bá jẹ́ ajá ni lóòótọ́, ó ti yẹ kó ti kú tipẹ́. Mo ní ó wà lẹ́sẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn, ó ń ju ìrù! Ó ní òun rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí i.

Ẹ wò ó, wọ́n ti dí ti bàbá, wọ́n dí ti ajá.

Oògùn bàbá mi tán. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Kò lè sùn gbalaja, kò lè dúró, etí àga ìjẹun yẹn ló ń jókòó sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin fèrèsé mú, òógùn á máa kán ní àgbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Kò sunkún. Ì bá sunkún ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́ ni. Ẹni tí kì í jẹ́ kí gbólóhùn kan kọjá lẹ́nu èèyàn láìfi ẹ̀rín há a! Ajá á gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú rẹ̀, kò ní wò ó. Mo bi í pé kí ni kí n sè, ó ní, "Ohun tó bá wù ọ́." Àǹtí, nígbà tí bàbá mi ní ohun tó bá wù mí, mo mọ̀ pé ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú mi.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ́fíìsì àwọn tó ni kọ̀ǹpútà náà. Ilé gíga kan, géètì onírin níwájú, aṣọ́nà nínú yàrá kótópó tirẹ̀. Lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ìṣó kan àga mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fà á súnmọ́ káńtà. Obìnrin kan ló wà ní káńtà, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ìyá Onígíláàsì ni mo ń pè é. Ó ṣí ọ̀rọ̀ bàbá mi, ó ń kà á fún mi bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ọ̀daràn: ìwọ̀n, kílò mẹ́rìnlá, eyín, méjìlélógójì, irun, àwọ̀ ilẹ̀, ó kúrú, ó máa ń gbó àlejò. Ó wá yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un gbé sójú, ó ní, "Ó tún wà níbí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá."

Ẹ̀gbọ́n yín, Àǹtí! Wọ́n kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ìjọba pé wọ́n ti tẹ ẹ̀gbọ́n yín lọ́dàá!

Mo ní obìnrin yìí, ṣé ìwọ náà kò rí i pé ajá ni? Ó ní òun rí i pé ó jọ ajá. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ ṣe àyàfi ẹni tó ni ín, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n fojú rí i, torí àwọn tó ń kó oògùn jọ ló máa ń rán èèyàn wá sọ pé bàbá mi ni, ìyá mi ni. Mo ní èwo nínú àwọn méjèèjì ló ni ín? Ó ní ẹni tí àkọsílẹ̀ bá bá ara rẹ̀ mu.

Ó dáa. Mo kó àwọn méjèèjì wá. Wàdùwàdù ti bàbá mi lórí àga onítáyà tí a yá, gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti rí gbágungbàgun ni bàbá mi ń pa eyín pọ̀, èmi fa ajá lẹ́yìn. A dé géètì, aṣọ́nà na ọwọ́. Ó ní ajá kì í wọlé, aláìsàn nìkan ló ń wọlé. Mo ní òun ni aláìsàn. Ó ní bàbá yìí ńkọ́? Mo ní bàbá tẹ̀ lé e wá ni. Aṣọ́nà wò wá, ó wò wá, ó ní bàbá lè wọlé, ajá á dúró. A gbé bàbá wọlé, a gbé e gòkè, Ìyá Onígíláàsì gbé e sórí ìwọ̀n, ó ní kílò méjìlélọ́gọ́rin, ó ní, "Èyí kọ́ ni ẹni tó wà níbí, ẹ gbé e jáde, ẹ mú ẹni tó ni ín wọlé." Ẹni tó wọlé kì í ṣe òun, ẹni tó jẹ́ òun kò lè wọlé! Ìgbà náà ni bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu lọ́jọ́ náà, ó nawọ́ sí èmi àti Wàdùwàdù, ó sọ fún obìnrin náà pé, "Ìyàwó mi, èmi náà ńkọ́? Àwọn méjì tí mo bí nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti tẹ̀ mí lọ́dàá, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ẹni tó bí wọn."

Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀.

Mo wá di obìnrin náà mú. Àní mo di apá aṣọ rẹ̀ mú lórí káńtà, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Mo ní bí ajá kò bá lè gòkè, ìwọ sọ̀kalẹ̀! Ó sọ̀kalẹ̀. Mi ò mọ ohun tó mú un sọ̀kalẹ̀, bóyá ìtìjú àwọn tó ń wò. A gbé bàbá sọ̀kalẹ̀ tẹ̀ lé e. Obìnrin náà dúró nínú géètì, ajá wà níta géètì pẹ̀lú aṣọ́nà tó di okùn rẹ̀ mú, obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo irun ajá bóyá ó bá àkọsílẹ̀ mu. Ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣubú. Gìrì dé! Oògùn rẹ̀ náà ti tán, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jà, orí rẹ̀ ń lu kọnkéré, gbà, gbà, aṣọ́nà ju okùn sílẹ̀, ó sá wọ inú yàrá kótópó rẹ̀.

Àǹtí, bàbá mi dìde.

Bàbá tí kò lè dúró látọjọ́ tí oògùn rẹ̀ tán, ó dìde kúrò lórí àga onítáyà, ó gba géètì jáde, ó kúnlẹ̀ lulẹ̀ pọ̀ọ́, ó gbé orí ajá lé itan kó má bàa fọ́ mọ́ ilẹ̀. Ó pariwo bó ṣe ń kúnlẹ̀. N kò tíì gbọ́ irú ariwo yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí pákó já. Ó ń pariwo, ó sì ń sọ fún ajá pé, "Ó ti tó, ó ti tó, ó máa lọ." Ajá ń gbọ̀n, bàbá ń gbọ̀n. Nígbà tí gìrì lọ, ajá dìde, ó gbọn ara nù, ó lá bàbá mi lójú. Bàbá mi kò lè dìde. Wàdùwàdù àti aṣọ́nà ló gbé e.

Ìyá Onígíláàsì ní, "Méjì ni wọ́n." Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ayé ló ṣe sọ ọ́. Méjì ni wọ́n! Ohun tí mo ti ń wí láti oṣù kejì!

Ẹ rò pé ó parí níbẹ̀? Ẹ dúró. A tún gòkè. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kọ̀ǹpútà kò gbà kí ẹni méjì jẹ́ orúkọ kan, kí wọ́n ní ọjọ́ ìbí kan, kí wọ́n sì gbé ilé kan. Bí òun bá yà wọ́n, ó máa tún so wọ́n pọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí ọjọ́ ìbí rẹ̀ padà. Mo ní ó rọrùn, ẹ yí ti ajá. Ó ní rárá, ẹni tó bá máa yí ọjọ́ ìbí padà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ajá kò lè fọwọ́ sí i. Bàbá lè fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ajá á gba ọjọ́ ìbí lọ, bàbá á wá òmíràn.

Mo figbe ta! Ọjọ́ ìbí bàbá mi, Àǹtí! Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, òní yìí, tí ìyá yín fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi lórí ibùsùn tó kú sí, pé ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ lọ ni òun bí i, pé kí n má jẹ́ kó sọnù. Èmi ni wọ́n fi í sí lọ́wọ́! N kò jẹ́ kó sọnù, ajá ni mo wá gbé e fún? Mo ní ká lọ ilé ẹjọ́. Mo ní ká kọ̀wé sí gómìnà. Mo ń sọ, mo ń sọ, bàbá mi fi ìka kan kàn mí lọ́wọ́. Ó ní, "Fún un."

Mo ní bàbá! Ó ní, "Fún ajá. Láti ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí mo ti ní i, kò bá mi wo ẹ̀yìn sàn lọ́jọ́ kan." Ó wá bi obìnrin náà, ó ní, "Bí mo bá fọwọ́ sí i, ṣé màá rí oògùn mi gbà kí n tó délé?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pupa á kúrò lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi ní, "Ọjọ́ wo ni òní?" Ó sọ fún un. Bàbá mi ní, "Ẹ fi ọdún mi sílẹ̀ fún mi, mo ti jìyà rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ òní. Ọjọ́ tí ìrora bá fi mí sílẹ̀ ni wọ́n bí mi."

Ó fọwọ́ sí i. Apòògùn tẹ kọ̀ǹpútà, kò yọ pupa. Dókítà ẹranko náà tẹ tirẹ̀, kò yọ pupa. Bàbá mi gbé oògùn mì lórí àga onítáyà ní iwájú kẹ́mísì. Nígbà tí a délé, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lórí ibùsùn, ó ní, "Èmi ọmọ tuntun, kí ni ẹ sè?"

Ẹ nu ojú yín, Àǹtí. Èmi ni mo ní ẹ̀sùn, ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó máa sunkún. Torí n kò tíì dé ibi tó dùn mí jù.

Ẹ rántí òfin yín? Ilé yìí, omi, iná, alùpùpù, ẹ̀rọ ìránṣọ mi, gbogbo rẹ̀ ló wà lórúkọ ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá. Ta nìyẹn báyìí lójú ìjọba? Ẹ wò ó lábẹ́ tábìlì! Onílé nìyẹn! Òun ni bàálé! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn oníná pè wá lórí fóònù, wọ́n ní kí ẹni tó ni ilé sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Bàbá mi sọ ti ìwé rẹ̀ tuntun, wọ́n ní kì í ṣe òun. Bàbá mi gbé fóònù sí ẹnu ajá. Ajá gbó. Hẹ̀! Hẹ̀ẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, Àǹtí, bí n kò bá rẹ́rìn-ín màá ya wèrè, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti di ti ajá!

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ nìyí. Àga pupa náà nìyẹn lábẹ́ yín, ìka náà nìyẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ na ìka náà bí ẹ ṣe nà án nígbà yẹn, kí ẹ fagi lé òfin yẹn, kí n lè gba ẹ̀rọ ìránṣọ mi padà lọ́wọ́ ajá nígbà tí gbogbo wa ṣì wà láàyè. Màá bu omi wá kí ẹ mu lẹ́yìn rẹ̀, kó lè rí bí ti àkọ́kọ́. Kí ẹ sì ká súwẹ́tà yẹn padà sínú àpò, torí kò ní wọ ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́ òní, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí a bí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀ mọ́, èmi tí wọ́n fi ọjọ́ sí lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ fún yín: ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí tán, tí bàbá mi fọwọ́ sí i, tó sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀, Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta.